Ẹni Tó Bó O Ló Lèèpo

Nígbà tí a fẹ́ tẹ ìwé ètò ìsìnkú Ìyá Àgbà, bàbá mi ní kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ju ojú ìwé kan lọ. Mo kọ ọ́. Mo kọ ibi tí wọ́n bí wọn sí, ọkọ tí wọ́n fẹ́, ọmọ mẹ́rin tí wọ́n bí, àti ìjọ Aládùúrà tí wọ́n ń lọ ní Ìnísà. Nígbà tí mo kà á tán, mo rí i pé bí èèyàn bá pa orúkọ wọn rẹ́ níbẹ̀, tó fi orúkọ ìyá àgbà ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀, kò sí ohun tó máa yàtọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí. Ojú ìwé kan kò lè gba Ìyá Àgbà. Wàhálà wọn pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Dọ́káàsì Àbẹ̀kẹ́ ni orúkọ wọn, ṣùgbọ́n Ìyá Tíṣà ni gbogbo Ìnísà ń pè wọ́n, nítorí pé iṣẹ́ tíṣà ni bàbá mi, àkọ́bí wọn, ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì. Gàrí ni Ìyá Àgbà ń yan. Ẹ̀yin tí ẹ mọ gàrí jẹ tí ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, wọ́n á kọ́kọ́ bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á dì í sínú àpò kí omi rẹ̀ lè ro dànù, wọ́n á fi asẹ́ jọ̀ ọ́, kó tó wá kan agbada àti iná. Ẹni tó ń yan án ni ọ̀gá. Ó ní àpótí tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, òun náà ló ń pàṣẹ. Ẹni tó ń bó ẹ̀gẹ́ ló kéré jù níbẹ̀, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló ń jókòó sí.

Ìyá Àgbà ti di ọ̀gá kí wọ́n tó bí mi. Síbẹ̀, bí wọ́n bá dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń jókòó sí. Wọ́n á mú ọ̀bẹ, wọ́n á bó díẹ̀, wọ́n á gbọ́ gbogbo ìròyìn ìlú tán, kí wọ́n tó dìde lọ dáná. Mo bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀ nígbà kan. Wọ́n ní, "Ìdí ẹ̀gẹ́ ni gàrí ti ń bàjẹ́, Àjọkẹ́. Tí mo bá dúró títí ó fi dé orí iná, ó ti pẹ́ nìyẹn."

Àjọkẹ́ ni oríkì tí wọ́n fi ń pè mí. Ìkìrun ni mò ń gbé, Òkukù ni mo ti ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé, Ìnísà sì wà láàárín ọ̀nà. Ta ni yóò wá sọ pé ọ̀nà ò gba ọ̀dọ̀ ìyá òun? Ọjọ́ tí mo bá fi kánjú kọjá láì yà, kí n tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Ìkìrun, fóònù mi á ti dún. Wọn ò ní kí mi, wọn ò ní bi mí bóyá ara mi le. Wọ́n á kàn ní, "Mo rí ọkọ̀ tó gbé ọ kọjá," wọ́n á sì pa fóònù.

Mi ò fẹ́ sọ wọ́n di áńgẹ́lì. Ẹnu wọn mú. Wọ́n lè bú èèyàn láàárọ̀ kí ẹni náà máa rántí rẹ̀ títí ọdún á fi yí po. Wọn ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ àforíjì rárá. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ewúrẹ́ kan tẹ asẹ́ wọn fọ́, èmi ni wọ́n dì í rù. Wọ́n bú mi débi pé mo lọ sùn sílé aládùúgbò. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọmọ kan sọ bí ewúrẹ́ náà ṣe ṣe é lójú wọn. Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n gbé àwo ẹ̀pà yíyan síwájú mi. Mo bi wọ́n pé ṣé ẹ̀pà yìí ni "má bínú". Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ẹ̀pà ni. Jẹ ẹ́."

Ẹni kan ṣoṣo tó lè bá wọn fa ọ̀rọ̀ kó má sì sá ni Alájà Súwẹ́bátù, ọ̀rẹ́ wọn láti ìgbà ọmọge, tó ń ta gàrí lọ́jà Ìkìrun. Ìyá Àgbà ló ń yan án, Alájà ló ń tà á. Lọ́dún kan tí ẹ̀gẹ́ wọ́n, Alájà po gàrí Ìyá Àgbà mọ́ gàrí kan tí wọ́n rà níbòmíì, wọ́n sì ń pe gbogbo rẹ̀ ní gàrí Ìnísà. Ìyá Àgbà gbọ́. Wọ́n wọ ọkọ̀ lọ sí Ìkìrun láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, wọ́n jókòó síwájú ìsọ̀ Alájà, gbogbo oníbàárà tó bá sì ti bù ú sẹ́nu wò ni wọ́n ń sọ fún pé, "Apá kan nínú èyí, èmi ni mo bí i. Apá kejì, mi ò mọ ìyá rẹ̀ o." Alájà bínú, wọ́n fẹ́ sunkún, wọ́n sì tún ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn méjèèjì jọ jẹun nínú àwo kan. Nígbà tí mo bi Ìyá Àgbà pé kí ló dé tí wọ́n fi dójú ti ọ̀rẹ́ wọn báyẹn, èsì tí mo gbà ni, "Ọ̀rẹ́ mi ni. Gàrí mi kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹ̀."

Mo ní láti sọ ọ̀rọ̀ èèpo báyìí, nítorí pé òun ló fi irú èèyàn tí wọ́n jẹ́ hàn mí.

Lọ́dọ̀ wa, láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni ti lè rántí, ẹni tó bá bó ẹ̀gẹ́ ló ni èèpo rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ síbì kankan. Ẹni tó bó o á kó o lọ sórí àpáta lẹ́yìn ìlú, á sá a kó gbẹ dáadáa, nítorí pé èyí tó bá tutù lè pa ẹran. Bó bá gbẹ tán, oúnjẹ ewúrẹ́ àti àgùntàn dé nìyẹn. Àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́ kì í sábà ní oko, wọn kì í ní agbada, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń ní ewúrẹ́. Ìdí ẹ̀gẹ́ bíbó ni Ìyá Àgbà pàápàá ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọkọ wọn kú tó fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin. Ewúrẹ́ tó jẹ èèpo ló rán bàbá mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Ọmọ Èèpo ni Alájà máa ń pè é, kódà nígbà tó di ọ̀gá ilé ìwé, níwájú àwọn tíṣà tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bàbá mi kò fẹ́ràn ẹ̀. Ìyá Àgbà á ní, "Jẹ́ kí wọ́n máa pè ọ́. Nígbà tí èèpo ń rán ọ níléèwé, o ò bínú sí i."

Lára àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà ni Ṣíkírá àti Ìyá Ene wà. Ibà ti mú ẹsẹ̀ Ṣíkírá kan rọ láti kékeré, ọ̀pá ló fi ń rìn, ṣùgbọ́n bó bá ti jókòó tó mú ọ̀bẹ, kò sẹ́ni tó lè bá a. Ìyá Ene àti ọkọ rẹ̀ wá láti Bẹ́núè. Ọkọ ń bá wọn roko, ìyàwó ń bó ẹ̀gẹ́, wọn ò ní ju yàrá kan lọ. Lọ́jọ́ kan tí àwọn obìnrin ń ṣe ìpàdé níbi iṣẹ́, ọ̀kan nínú wọn béèrè bóyá ó yẹ kí àlejò bíi Ìyá Ene jókòó síbẹ̀. Ìyá Àgbà kò tiẹ̀ gbójú sókè nínú agbada. Wọ́n ní, "Ẹ̀gẹ́ tí gbogbo wa ń jẹ yìí, àlejò lòun náà. Àwọn bàbá ńlá wa ò bá a níbí."

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ẹgbẹ́ kan tó ń ran àwọn obìnrin lọ́wọ́ fẹ́ kọ́ ilé gàrí ìgbàlódé sí agbègbè wa. Ẹ̀rọ ìlọ̀ẹ̀gẹ́ á wà níbẹ̀, kànga ẹ̀rọ á wà, wọ́n á sì mọ ààrò tó ń gbé èéfín gba ojú òrùlé jáde. Ààrò yìí ló dùn mọ́ mi nínú jù, nítorí pé èéfín ti ń ba ojú Ìyá Àgbà jẹ́, wọn kì í dá ẹni mọ̀ mọ́ àfi tó bá fọhùn. Ìnísà àti Ìgbàyè ni wọ́n ń wò, ibi tí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin bá ti kọ́kọ́ ṣètò ìwé wọn ni wọ́n máa kọ́ ọ sí. Ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n rán wá kì í gbé fáìlì sílẹ̀, nítorí náà àwọn obìnrin sọ ọ́ ní Ọ̀gá Fáìlì. Wọ́n fi Ìyá Àgbà ṣe alága. Wọ́n sì ní kí èmi, ọmọ tó mọ̀wé, kọ òfin ẹgbẹ́.

Mo kọ ọ́, mo sì yangàn. Mo kọ ọ́ pé ẹni tó bá ń yan gàrí tó sì ní agbada tirẹ̀ ni ọmọ ẹgbẹ́. Àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́, mo kọ wọ́n sí abẹ́ òṣìṣẹ́. Ọ̀gá Fáìlì ní kò yẹ kí nǹkan kan ṣòfò, pé àwọn tó ń ṣe oúnjẹ adìyẹ ń wá èèpo gbígbẹ, nítorí náà mo kọ ọ́ pé ẹgbẹ́ ló ni gbogbo èèpo. Mo tẹ̀ ẹ́ ní Òkukù, mo gbé e wá, mo sì túmọ̀ rẹ̀ fún Ìyá Àgbà ní pálọ̀ wọn. Wọ́n ní kí n tún apá ibi èèpo yẹn kà.

"Ṣíkírá ńkọ́?"

"Òṣìṣẹ́ ni wọ́n, Ìyá Àgbà. Wọ́n á máa gbowó iṣẹ́ wọn."

"Ewúrẹ́ ẹ̀ ńkọ́?"

Ká sọ òótọ́, mi ò rò ó. Mo ti ń rí àwọn èèyàn yẹn nílẹ̀ẹ́lẹ̀ láti kékeré débi pé mi ò rí wọn mọ́. Ìyá Àgbà yí ojú wọn tó ti ń fọ́ sí mi, wọ́n ní, "Ọmọ Ọmọ Èèpo ló kọ èyí." Wọn ò pariwo. Ì bá sàn kí wọ́n pariwo.

Mo sọ fún wọn pé ẹ̀pa ò bóró mọ́, Ọ̀gá Fáìlì ti gba ìwé náà, Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa fọwọ́ sí i. Alájà wá láti Ìkìrun láti bẹ̀ wọ́n. "Ìyá Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sáìnì ná, ká gba ilé wa. Tó bá yá, a máa tún un ṣe." Ìyá Àgbà ní ohun tí wọ́n bá fi sílẹ̀ di "tó bá yá", ọmọ ọmọ ẹni ló ń bá a.

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ náà, wọ́n to àga sábẹ́ igi máńgòrò níwájú ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń yan gàrí jókòó sórí àga, àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́ wà lẹ́yìn, nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyá Àgbà dé pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́, wọ́n kọjá àga tí wọ́n fi pamọ́ fún wọn, wọ́n lọ jókòó ti Ṣíkírá. Ọ̀gá Fáìlì pè wọ́n wá síbi tábìlì.

"Ọmọ mi, ta ni ìwé yín ní kó kọ́kọ́ sáìnì?"

"Alága ni, mà."

"Ta ló lè ṣe alága?"

"Mẹ́ńbà ẹgbẹ́ ni, mà."

"Ta ni mẹ́ńbà?"

"Àwọn tó ń yan gàrí ni, mà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Láti òní lọ, mi ò yan gàrí mọ́. Ẹ̀gẹ́ ni mò ń bó. Ẹ bá mi gbé orúkọ mi lọ sọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́."

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì, nítorí pé òfin tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ ni wọ́n fi dè wá. Alájà dìde. "Wàlláhì, Ìyá Tíṣà, ojú yín ni èéfín ń bàjẹ́ o. Torí ta la fi ń wá ààrò yìí?"

"Mo mọ̀ pé ojú mi ni," ni Ìyá Àgbà wí. Wọn kò dìde.

Ọ̀gá Fáìlì pa fáìlì dé. Ó ní òun ò lè gba ìwé tí alága ò fọwọ́ sí, pé òun á padà sí Òṣogbo lọ jábọ̀, kò sì lè ṣèlérí pé wọn ò ní lọ sí Ìgbàyè.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin tó ń yan gàrí kò kí Ìyá Àgbà. Wọ́n á kọjá níwájú wọn bí ẹni tó kọjá níwájú igi. Ohun tí Ìyá Àgbà sọ kì í sì í ṣe àṣehàn lásán. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń bó lójoojúmọ́, pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n àti ojú tí kò ríran dáadáa. Ìtìjú kò jẹ́ kí n yọjú ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ní Sátidé kejì, mo lọ jókòó tì wọ́n, mo mú ọ̀bẹ, kò pẹ́ tí mo fi gé ara mi lọ́wọ́. Mo bi wọ́n pé bí wọ́n bá gbé ilé náà lọ sí Ìgbàyè ńkọ́.

"Àwọn ará Ìgbàyè á rí ibi yan gàrí nìyẹn. Àwọn náà lẹ́nu."

"Ẹ̀rù ò bà yín ni?"

"Ó ń bà mí," ni wọ́n wí. "Oorun ò kùn mí."

Alájà ló ṣí ilẹ̀kùn ọ̀rọ̀ náà, wọn ò sì mọ̀ pé àwọn ń ṣí i. Wọ́n dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ní àwọn wá bá Ìyá Tíṣà jà kẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó fún wọn ní àga. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, bí wọ́n sì ṣe ń bú ọ̀rẹ́ wọn ni ọwọ́ wọn ń wá iṣẹ́, nítorí pé ẹni tó dàgbà nídìí gàrí kì í lè wo ẹ̀gẹ́ níwájú kó ká ọwọ́ kò. Wọ́n mú ọ̀bẹ. Wọ́n bó ẹ̀gẹ́ wọ́n sì ń jà títí tí oòrùn fi dé àtàrí, tí wọn ò lè na ẹ̀yìn mọ́. Nígbà tí àwọn yòókù ń kó èèpo, olúkúlùkù kó tirẹ̀. Òkìtì kan ṣẹ́ kù.

"Ta ló ni èyí?" ni Alájà béèrè.

"Ẹ̀yin lẹ bó o, mà," ni Ṣíkírá wí. "Ẹ̀yin lẹ ni ín."

Alájà ò ní ewúrẹ́ kankan. Wọn ò tiẹ̀ fẹ́ràn òórùn ẹran rárá. Ṣùgbọ́n wọ́n wo òkìtì èèpo yẹn, wọ́n wo ọwọ́ wọn tó ti lé ròrò, wọ́n ní kí n bá àwọn wá àpò. Wọ́n di èèpo náà, wọ́n gbé e sórí ọ̀kadà lọ sí Ìkìrun. Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín débi pé omi jáde lójú wọn. Lọ́jọ́ kẹta, Alájà padà wá pe gbogbo àwọn tó ń yan gàrí jọ. Wọ́n ní, "Èèpo ọjọ́ kan péré, mi ò lè fi sílẹ̀ fún ẹgbẹ́. Báwo la ṣe fẹ́ ní kí Ṣíkírá fi ti gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀ sílẹ̀? Súbúhànalláhì, ojú á tì wá."

Ni mo bá tún òfin náà kọ. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín wọn ni mo ti kọ ọ́, Ìyá Ene náà sì sọ tẹnu rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ bá kan ẹ̀gẹ́ títí ó fi di gàrí, ọmọ ẹgbẹ́ ni. Ẹni tó bó o ló lèèpo, bó bá sì fẹ́ tà á fún àwọn olóúnjẹ adìyẹ, orúkọ tirẹ̀ ni á fi tà á. A ké sí Ọ̀gá Fáìlì padà, ó sì kà á. Ó ní kò sẹ́ni tó sọ fún òun pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Ìyá Àgbà dá a lóhùn pé, "Àwọn tó wà lórí àga lo bi léèrè, ọmọ mi. Àwọn yẹn ò mọ̀." Àwọn ará Ìgbàyè kò tíì parí ìwé tiwọn, nítorí náà ó gba tiwa, wọ́n sì kọ́ ilé náà sí Ìnísà.

Ìyá Àgbà lo ààrò tuntun náà fún nǹkan bí ọdún méjì. Ó pẹ́ kó tó dé fún ojú wọn, mi ò sì ní parọ́ pé kò dùn mí. Mo ṣì máa ń rò ó pé ká ní mo ti kọ ìwé yẹn dáadáa látìbẹ̀rẹ̀, kò ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún wọn, wọ́n fi ọwọ́ wá orí mi, wọ́n gbọ̀n ọ́n díẹ̀, wọ́n ní, "Èmi ń gbọ́ ẹ̀rín Ṣíkírá láti ibi tí mo jókòó sí. Kí ni mo tún fẹ́ fi ojú wò?"

Wọ́n kú ní ìrọ̀wọ́rọ̀sẹ̀. Àwọn ìjọ wọn kọrin, àwọn ẹbí Alájà náà ṣe àdúà tiwọn, Ìyá Ene sì sunkún ní èdè tirẹ̀. Èmi ò sunkún. Gbogbo ọjọ́ ìsìnkú ni mo fi ń sáré kiri, tí mò ń wá àga.

Lẹ́yìn ìsìnkú náà, a gbọ́ pé ẹ̀rọ tuntun kan ń bọ̀ nílé gàrí, ẹ̀rọ tó ń bó ẹ̀gẹ́. Alájà tó ti di alága pe ìpàdé. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń yan gàrí sọ ohun tó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn pé, "Ẹ̀rọ lá máa bó o báyìí. Ẹ̀rọ kì í sì í sin ewúrẹ́. Ẹgbẹ́ ló lèèpo." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi, bí ẹni pé ohùn Ìyá Àgbà máa jáde lẹ́nu mi.

Ṣíkírá fi ọ̀pá rẹ̀ dìde.

"Ẹ̀rọ náà á wá ẹni tó máa wà á," ló wí. "Á wá ẹni tó máa kó ẹ̀gẹ́ sí i lẹ́nu, àti ẹni tó máa fi ọ̀bẹ tún ibi tí kò bó dáadáa ṣe. Àwa ni ká kọ́ níṣẹ́ ẹ̀. Ẹni tó bá wà á lọ́jọ́ náà, òun ló bó o. Akọ̀wé, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ìyá Ene ní bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn rẹ̀, obìnrin méjì nínú àwọn tó ń yan gàrí ní bẹ́ẹ̀ ni. Alájà wo Ṣíkírá títí. "Ṣé Ìyá Tíṣà ló sọ ọ́ fún ẹ kí wọ́n tó lọ ni?"

"Rárá o, mà. Wọn ò mọ̀ pé ẹ̀rọ kankan ń bọ̀. Èmi ni mo rò ó."

Ibẹ̀ ni ẹkún ti já mi gbà, níwájú gbogbo wọn, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí a ti sin wọ́n. Wọ́n dúró dè mí títí mo fi nu ojú mi. Lẹ́yìn náà, mo kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Ṣíkírá ṣe sọ ọ́.